Sípíkà Fún Etí Merle Gannaway

Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà létí odò Barwon nílùú Geelong pa ẹ̀rọ rẹ̀ tó kẹ́yìn, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́rù ba àwọn. Merle Gannaway kò rí ìdákẹ́rọ́rọ́ kankan ní tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dúró, torí pé pákó ilẹ̀ tó ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ti sinmi. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a sínú àpò, ó bọ́ síta. Ariwo tí àwọn yòókù ń sọ pé ó ti tán, inú etí rẹ̀ ló kó wọ̀, kò sì san owó ilé.

Ọdún 1976 ni. Merle ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ejìká rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Opó ni, kò sì bímọ. Ilé onípákó tí òun àti Les ọkọ rẹ̀ jọ rà ní Geelong West ló ń gbé, òrùlé páànù, ọgbà kékeré níwájú, igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ mú. Bó bá sì ti sọ pé òun ó ṣe nǹkan, kò sẹ́ni tó lè fi àdúrà tàbí èébú yí i padà.

Nínú gbọ̀ngàn tó ti ṣiṣẹ́, ọgọ́rin ẹ̀rọ ló máa ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá kígbe sí ọ létí, èémí rẹ̀ nìkan ni wàá mọ̀ lára. Nítorí náà ojú làwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń gbọ́rọ̀. Wọ́n á la ẹnu dáadáa láìmú ohùn jáde, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn á sì gbọ́ ọ délẹ̀: ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ mu owó ọ̀sẹ̀ tán nílé ọtí, ohun tí fóòmáànù, ọ̀gá wọn, sọ nípa wọn nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́. Merle lè ka ètè ẹni tí búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n lọ yẹ etí wò. Dókítà ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbóhùn bo etí Merle, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá gbọ́ ohùn. Ìlà kan wà fún etí kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tó tibẹ̀ jáde, ti òsì ló burú jù. Ó ń rìn lọ gbọọrọ, lójijì ló já sí kòtò, ó sì fi agbára káká gun òkè díẹ̀ padà.

"Ọjọ́ orí ni, Mísíìsì Gannaway," dókítà sọ fún un.

"Ọjọ́ orí kẹ̀? Ṣé ọjọ́ orí máa ń jẹ etí òsì ju ọ̀tún lọ ni? Apá òsì mi ni ẹ̀rọ tó burú jù wà."

Dókítà ní ara ọmọ ènìyàn kì í dọ́gba. Merle ní òun mọ ohun tí kò dọ́gba níbẹ̀. Ó gba ìwé rẹ̀, ó kúrò níwájú rẹ̀.

Ohun tó ká a lára jù ni orin. Láti ìgbà tí Les ti wà láyé ni Merle ti ń ra àwo orin, ọ̀kan lóṣù, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún méjì. Giramafóònù kékeré kan tó dà bí àpótí ìjókòó ló fi ń gbọ́ wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ohun tó wà nínú àwo wọ̀nyẹn ń dín kù. Aago wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Gòjé kékeré tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni tí kò ní eyín lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni gòjé ńlá, èyí tí wọ́n máa ń jókòó fi orúnkún méjèèjì há. Ìyẹn náà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì ló ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí owó tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní sípíkà gidi lòun ó fi rà, àti àwọn ẹ̀rọ tó bá a lọ.

Clarrie, àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sunday. Nígbà tó gbọ́, ó fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí ẹran àgùntàn.

"Merle, ṣé orí ẹ pé báyìí? Adití fẹ́ lọ ra sípíkà! Ìyẹn ò yàtọ̀ sí afọ́jú tó lọ ra dígí."

"Bí afọ́jú bá ra dígí, ṣé owó ẹ ló fi rà á?"

"Wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ ni mo ń sọ. Gbogbo ọkùnrin ìlú yìí ló ń ra nǹkan yìí, ọ̀rọ̀ wáàtì, bí agbára ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó, ni wọ́n ń sọ nílé ọtí, ọ̀rọ̀ wáàtì ni wọ́n ń sọ ní pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn gan-an ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ni ìwọ máa mọ̀? Lọ fi owó ẹ tún kíṣíìnì ṣe."

"Kíṣíìnì ò kọrin fún mi rí. Gbé ọ̀dùnkún yẹn sún mọ́ mi."

Lọ́jọ́ Tuesday, Merle wọ kóòtù rẹ̀ tó dára, ó mú àwo gòjé ńlá kan sábẹ́ abíyá, ó gba ṣọ́ọ̀bù Quennell lọ. Ibẹ̀ ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Geelong. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, yàrá ìgbọ́rin kan sì wà lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ dígí láti òkè délẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Trevor Lusk ló gbà á lálejò, ẹni bí ọdún márùndínlógójì, irun rẹ̀ gùn dé ọ̀rùn, táì rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀.

"Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni, mà? Ṣé fún ọmọ yín ọkùnrin ni?"

"Fún èmi ni."

"Háà, ó dáa o." Ó kíyè sí i pé ohùn Merle ròkè jù, torí pé àwọn tí etí wọn ti lọ kì í mọ bí ohùn àwọn ti ròkè tó. "Ṣé ẹ kì í gbọ́ràn dáadáa ni, mà?"

"Ahunṣọ ni mí."

Èsì yẹn tó ẹnikẹ́ni ní Geelong. Trevor mú un jókòó nínú yàrá ìgbọ́rin, ó gbé àwo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì jáde láti lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Quennell dúró lẹ́yìn káńtà. Dígí wà láàárín àwọn méjèèjì àti Merle, wọn ò tiẹ̀ yí ẹ̀yìn padà. Ta ló máa ń fi ara pamọ́ fún adití?

Merle jókòó sórí àga aláwọ, ó ń wò wọ́n. Ó rí ètè Trevor kedere: "Ìyá arúgbó kan láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni. Etí ẹ̀ ti di pákó." Ó rí ètè Quennell: "Ṣé owó wà lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó rí ti Trevor: "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Quennell wá ní: "Fún un ní àwọn tó ti ń jẹ eruku láti ọdún tó kọjá yẹn. Sọ fún un pé tuntun ni. Kò ní mọ ìyàtọ̀ láéláé."

Merle na ọwọ́ sí àpò rẹ̀, ó fẹ́ dìde kó máa lọ. Nígbà náà ló rántí pé àwo òun ló ń yí lórí ẹ̀rọ wọn, pé òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan, àti pé bí òun bá jáde, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló máa rí: arúgbó kan wá, kò mọ ìyàtọ̀, ó lọ. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn dígí.

"Místà Quennell," ó sọ ọ́ sókè débi tí ọkùnrin méjì tó ń wo rédíò lẹ́bàá ojú ọ̀nà fi yíjú, "èwo nínú wọn ló ń jẹ eruku láti ọdún tó kọjá? Ẹ fi hàn mí, kí n lè bá yín nù ún."

Ojú Quennell pọ́n bí ata. "Mà, ẹ... ẹ ṣì mí gbọ́ ni."

"Mi ò gbọ́ yín rárá. Etí mi ti di pákó, ẹni yìí náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí yín ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ka ẹnu àwọn tó lóye jù yín lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Trevor ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ má bínú," Quennell ní, "mo lè ṣe ẹ̀dínwó fún yín..."

"Mi ò fẹ́ ẹ̀dínwó. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo sípíkà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwo mi. Nígbà tí mo bá gbọ́ wọn tán, màá sọ èyí tí mo fẹ́ fún yín. Àbí ẹ kọ ọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn pé etí tó dá ṣáṣá nìkan ló ń wọlé?"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án, Merle ti dé tòun ti búrẹ́dì oníwàràkàṣì rẹ̀ nínú bébà àti fíláàsì tíì. Trevor ń gbé sípíkà wọlé, ó ń gbé e jáde, òógùn ń bọ́ lábẹ́ táì rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń bínú. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, torí pé kò rí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Merle bọ́ bàtà, ó dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí pákó tó wà lẹ́bàá kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ sípíkà. Ó jókòó, ó sún síwájú, ó yí orí sọ́tùn-ún.

Àwọn gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ẹnu kékeré orí wọn jẹ́ irin. Àwọn ló wọ́n jù, àwọn ni Quennell sì fi ń yangàn. Merle gbọ́ wọn fún ìṣẹ́jú kan, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ pa á. Ó ń gún mi."

"Ṣé ẹ wá ń gbọ́ ọ nìyẹn?" Trevor béèrè.

"Etí tó ti bàjẹ́ kì í gbọ́ títí, títí, tó bá sì wá gbọ́, á máa dùn ún bí egbò. Ẹ gbé òmíràn."

Àwọn kékeré tí wọ́n ń gbé sórí ẹsẹ̀ irin dùn létí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gòjé ńlá inú wọn dà bí ẹni tó ki orí bọ kòkò. Òmíràn ń pariwo ní ohùn ìsàlẹ̀ débi pé olórin ò rí àyè mí. Títí di ọjọ́ kẹta, kò sí èyí tó mú. Ìgbà náà lojú rẹ̀ lọ síbi àtẹ̀gùn. Àpótí igi ńlá méjì wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ga dé ìbàdí rẹ̀. Wọ́n gbé òdòdó oníke sórí ọ̀kan, wọ́n to ìwé ìpolówó sórí èkejì.

"Kí nìyẹn?"

"Àwọn yẹn kẹ̀? Láti gbọ̀ngàn ijó kan tí wọ́n wó ni, mà. Wọ́n ti di ti àtijọ́. Bébà ni wọ́n fi ṣe ẹnu wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ wọn dáa, ti àárín dáa, ṣùgbọ́n ohùn òkè wọn ò dáa rárá."

"Òkè tèmi náà ò dáa. Gbé òdòdó kúrò."

Trevor àti ọkùnrin méjì ló gbé wọn wọlé. Nígbà tí Trevor tẹ bọ́tìnnì, Merle wà lórí ìdúró. Ohùn gòjé náà jáde bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn tó sì wọlé. Kò pariwo, kò gún. Ó gba inú pákó bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba àyà rẹ̀, apá kan rẹ̀ sì gba etí pàápàá. Merle dúró títí ojú kan àwo náà fi parí. Ó wọ bàtà rẹ̀.

"Méjèèjì," ó ní. "Ẹ wá fi áńpù hàn mí."

Ti áńpù ńlá, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, kò gba àkókò. Ibi tí ìjà wà ni áńpù aṣíwájú, àpótí kékeré tó máa ń gba ohùn tín-ín-rín látinú àwo, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọṣọ fún un, kó tó fà á lé ti ńlá lọ́wọ́. Quennell fúnra rẹ̀ ló gbé èyí tó dára jù wá. Iwájú rẹ̀ ń dán bí fàdákà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.

"Ibo ni bọ́tìnnì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà?" Merle béèrè.

"Kò ní, mà. Ẹ̀rọ gidi kì í ní in. Ohun tí olórin ṣe gan-an ló yẹ kí ẹ gbọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Etí mi ti fọwọ́ kàn án kí tiyín tó dé."

"Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni sí orin, mà, kí n sòótọ́."

"Nígbà náà ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Gbé èyí tó ní bọ́tìnnì wá."

Wọ́n gbé e wá. Merle yí bọ́tìnnì òkè sọ́tùn-ún. Ariwo tó dà bí ẹran tó ń dín nínú epo ló kọ́kọ́ jáde, ìgúnni náà tẹ̀ lé e, síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ń wá. Ó yí i padà. Ó tún yí i. Ó yí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n nà. Quennell rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ọkùnrin gíga kan tó ti ń pá lórí jáde, irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rú èéfín. Wim Oosterhuis ni, ará Holland tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn lẹ́yìn. Ó ti ń gbọ́ wọn láti ọjọ́ Tuesday.

"Bọ́tìnnì yẹn ò lè ṣe é," Wim ní. Nígbà tó rí i pé Merle ń wo ẹnu rẹ̀, ó rọra sọ ọ́. "Etí yín dà bí ọ̀nà tó ní kòtò kan ṣoṣo, Mísíìsì. Gbogbo ọ̀nà lẹ wá ń gbé sókè. Tí ẹ bá gbé ọ̀nà sókè, kòtò á bá a lọ sókè ni."

"Wim," Quennell ní, "padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

"Ṣé ẹnìkan lè dí kòtò náà?" Merle béèrè, kò wo Quennell.

"Tí mo bá mọ ibi tó wà, àti bó ṣe jìn tó."

"Mo ní in nínú ìwé."

"Kò sí ẹni tó máa ṣe irú ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi," Quennell ní. "Orúkọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Orúkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi náà," Wim ní. "Ẹ wá lọ́jọ́ Saturday, Mísíìsì."

Ilé Wim wà ní àdúgbò Norlane. Ìyàwó rẹ̀ gbé kọfí àti bisikíìtì olóòórùn dídùn sílẹ̀ fún wọn nínú ahéré onípáànù tí Wim ń lò fún iṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Merle tẹ́ ìwé dókítà sórí tábìlì. Wim wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ ìlà náà, ó dúró síbi tó ti já sí kòtò. Lẹ́yìn náà, ó yí ẹ̀yìn ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, ó sì yí orí ìwé sísàlẹ̀. Kòtò di òkè.

"Ohun tí màá kọ́ nìyí," ó ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ áńpù aṣíwájú náà. Àpótí páànù dúdú ni, kò lẹ́wà, ìlà bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Ó gbé e wá sí Geelong West nínú ọkọ̀ rẹ̀. Sípíkà méjèèjì ti wà ní pálọ̀ nígbà náà, wọ́n gba ibi tí tábìlì oúnjẹ wà tẹ́lẹ̀, tábìlì sì ti lọ sí ìta lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn. Wim so wáyà. Merle gbé àwo lé e. Ohùn jáde, Merle kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ó ti pọ̀ jù," Wim ní, ojú tì í. "Mo dí gbogbo kòtò náà. Ìdajì ló yẹ kí n dí. Ẹ ti wí i fún Trevor pé ó máa ń dùn yín, mi ò fi sọ́kàn."

Ó ṣí i, ó gé nǹkan kúrò, ó jó nǹkan mọ́ ọn. Ó ní ohun kan kù tí òun kò lè ṣe: sípíkà méjèèjì ni etí kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ nínú yàrá, kò sí bí òun ṣe lè yà wọ́n. Merle ní ìyẹn kò le. Ó fa àga rẹ̀ kúrò ní àárín, ó gbé e lọ síbi tó sún mọ́ sípíkà òsì. Wim ní tí àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ẹ̀rọ orin bá rí i, wọ́n á sunkún.

"Kí wọ́n mú ánkáṣíìfù dání."

Ó tún gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ó gbọ́ gòjé náà. Ó gbọ́ ohun mìíràn lára rẹ̀, ohun kan tó ń họ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó yíjú sí Wim.

"Kí ló ń họ yẹn? Ṣé àwo mi ti bàjẹ́ ni?"

"Irun ẹṣin ni, Mísíìsì. Ó wà lára ọrun, igi tí wọ́n fi ń ta gòjé. Ó ń fa okùn."

Merle jókòó. Láàárín orin, ẹni tó ń ta gòjé náà fa èémí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn, ó sì gbọ́ ìyẹn náà. Wim rò pé ó máa sunkún, ó ti ń wo ibòmíràn. Merle ò sunkún. Inú ló ń bí i. Ọkùnrin yìí ti ń mí nínú àwo yìí láti ọdún mọ́kànlá tí Merle ti rà á, ó ń mí nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì ti jí i gbé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ olè náà ní ọjọ́ orí.

"Ẹ fi àwọn bọ́tìnnì yẹn síbi tí wọ́n wà," ó sọ fún Wim. "Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, màá gé ọwọ́ ẹ̀."

Nígbà tí Clarrie dé ní Sunday, ó fara balẹ̀ gbọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Etí Clarrie dá ṣáṣá. Ó ká ojú pọ̀.

"Merle, kí n má purọ́ fún ẹ. Ó ń dún bí agolo. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìkòkò."

"Ó dáa."

"Kí ló dáa níbẹ̀? Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ, mo sọ fún ẹ!"

"Ó dáa torí pé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ṣe é fún. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé ni wọ́n ṣe fún ẹ, Clarrie. Ẹyọ kan yìí ni wọ́n ṣe fún mi. Tó bá ń họ ẹ́ létí, kíṣíìnì wà níbẹ̀, o ní kó jẹ́ pé òun ni mo tún ṣe."

Clarrie jẹun ní kíṣíìnì lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún wá, ó fi òwú dí etí, ó sì jókòó ní pálọ̀.

Lóṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Dulcie Rook wá kí i. Ọdún méjìlá lòun àti Merle fi ṣiṣẹ́ kọjú síra wọn ní ilé iṣẹ́. Merle kò sọ nǹkan kan fún un, ó kàn fi í sórí àga, ó gbé àwo lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Dulcie yíjú, ó sì la ẹnu láìmú ohùn jáde, bí wọ́n ti ń ṣe láàárín ẹ̀rọ: "Ta ló ń mí?"

Àṣé kòtò kan náà ni wọ́n jọ ní. Ẹ̀rọ kan náà ló gbẹ́ ẹ fún wọn. Ohun tí Wim kọ́ fún etí ẹnì kan bá etí gbogbo wọn mu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Dulcie mú Agnes Tolliday wá, Agnes mú àwọn méjì mìíràn wá. Nígbà tó fi máa di ìgbà òtútù ọdún 1977, obìnrin méje tàbí mẹ́jọ ló ń péjọ ní ọ̀sán Sunday, kálukú pẹ̀lú àwo ìpápánu tirẹ̀. Wọ́n á tò yí sípíkà òsì ká bí ẹni tó ń yáná. Kò sẹ́ni tó ń fọhùn, ṣùgbọ́n ètè wọn kì í sinmi, nígbà míì ẹ̀rín á bú lójijì láàárín orin, ẹni tó bá ń kọjá lóde ò sì ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Trevor Lusk náà wá lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní Quennell fẹ́ ya fọ́tò Merle pẹ̀lú àwọn sípíkà náà fún ìwé ìròyìn, pé wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ giramafóònù tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Merle ní kó sọ fún Quennell pé òun kì í ṣe òdòdó oníke. Ó wá ní kí Trevor wọlé wá mu tíì, kó má dúró sínú atẹ́gùn.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ni Místà Pettifer tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé sí kánsù lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Sunday kan, òṣìṣẹ́ kánsù dé tòun ti ìwé lábẹ́ abíyá, ọ̀gbẹ́ni sísanra kan tí ojú rẹ̀ tutù. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó gba ẹ̀yìn wọlé.

Obìnrin mẹ́jọ yíjú wò ó.

"Èwo ni Mísíìsì Gannaway nínú yín?" ó béèrè, ó sì gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni. Ẹ yọwọ́ kúrò lẹ́nu, kí n lè gbọ́ yín."

Ó yọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Wọ́n fi ẹjọ́ yín sùn pé ariwo yín ń dí àdúgbò lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ dín in kù."

"Láti aago méjì sí aago márùn-ún lọ́jọ́ Sunday ni," Merle ní. "Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà. Mi ò ní dín in kù, tí mo bá dín in kù, a ò ní gbọ́ ọ. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ń dún létí odò lọ́sàn-án lóru, ṣé kánsù rán ẹnìkan lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé?"

"Mi ò tíì máa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mà."

"Àwa ń ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin náà wo ìwé rẹ̀, ó wo wọn. Agnes ti gbé tíì lé e lọ́wọ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Dulcie sì ti sún kúrò lórí àga gbọọrọ. Ó jókòó. Ó gbọ́ orin náà, ó ṣe ojú bí ẹni tí eyín ń dùn, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tó mu tíì tán, ó ní òfin gbà wọ́n láyè lọ́sàn-án, pé òun á sọ bẹ́ẹ̀ fún Místà Pettifer, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa ti fèrèsé apá ibẹ̀.

"Ìyẹn tó," Merle ní. Ó dìde, ó ti fèrèsé náà, ó sì lọ yí àwo padà sí ojú kejì.